Ó Ń Gé Orúkọ Irin Náà Bí Ilá

Nínú takisí tó gbé wa láti Ìtòkú lọ sí ọsibítù, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó sáàárín èmi àti ìyá rẹ̀, ó ń pe orúkọ irin kan ṣáá nítorí ìdánwò.

“La, rin, go, skoopu. Èkejì ni wọ́n ń tẹ ohùn mọ́: la-RÍN-go-skoopu.”

“Ṣé irin tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ mí lọ́fun lónìí nìyẹn?” Ohùn ìyá náà ti há.

“Òun ni, mà. Wọ́n fẹ́ fi wo ohun tó ń yọ ọ̀nà ọ̀fun yín lẹ́nu ni. Tí n ò bá pè é dáadáa lọ́la, wọn ò ní fún mi ní máàkì.”

“Tílẹ̀ bá ṣú, okùn la máa ń pe ejò, kó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó wọlé. Ìwọ ń pe tìẹ lójú mi, o tún ń gé e wẹ́wẹ́ bí ilá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi.” Ọmọ náà dákẹ́. Mo ní nínú ara mi pé ó ti yẹ kó dákẹ́ tipẹ́.

Ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Ìyá ò sọ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

“Tún un gé,” ló wí. “Gé e kó kúná. Bóyá á gba ọ̀fun mi kọjá.”