Òkúta Crucita Lábẹ́ Aṣọ San Isidro

Mamá Tila, ìyá tó bí ìyá mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn ará àtijọ́ erékùṣù wa máa ń ri òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́ta mọ́ ilẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ wọn lè ta. Ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, mo ti gbé e mì pẹ́ jù. Lónìí, ó gbọ́dọ̀ jáde.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe tèmi. Ti Crucita ni, aládùúgbò mi, ẹni tó gbé ọmọbìnrin mi níbi ìrìbọmi, tí a fi ń pe ara wa ní komadre. Àdá rẹ̀ ló kàn án nínú oko. Ó tó ìkúùkù, ó ṣe ṣóńṣó lókè bí ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ hù, wọ́n sì gbẹ́ ojú sí i. Ó dá a padà sínú ebè, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá ń ta bí itan géńdé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi. Ó ní, "Komadre, òkúta kì í ṣe iyọ̀ tí wọ́n ń yá kiri. Lọ gbàdúrà!" Èmi tí mò ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ìlara jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Lọ́jọ́ ọdún San Isidro, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń gbé ère rẹ̀ káàkiri oko kó lè súre fún wọn. Crucita wà ní ilé ìdáná mi, ó ń bá mi rin ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe kasabe, búrẹ́dì wa, fún àlejò. Èmi yọ́ lọ sóko rẹ̀, mo hú òkúta náà. Kí n tó nàró, orin ti dé etí ebè. Àwọn tó gbé ère sọ ọ́ kalẹ̀ láti mumi. Ibo ni kí n sá gbà? Mo kúnlẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, mo ti òkúta sábẹ́ aṣọ ẹni mímọ́, lórí pátákó tí wọ́n fi ń gbé e. Nígbà tí wọ́n tún gbé e, Fermín tó wà níwájú ké pé, "Yéè! San Isidro ti sanra o!" A dé ẹ̀yìnkùlé mi, Crucita jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ẹ̀gẹ́: "Ṣé kò ní sanra ni? Kasabe mi kọ́ ló ń jẹ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹríba, ó fẹnu ko etí aṣọ náà: "Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ oko mi." Mo dúró tì í, mo ṣe àmín. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, àmín yẹn ló burú jù.

Nígbà tí àlejò ń jẹun, mo yọ òkúta náà kúrò lábẹ́ aṣọ, mo rì í mọ́ oko mi, ẹ̀gẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ti Crucita di ìrù eku. Ó wá òkúta rẹ̀ títí, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ló hú u sọnù. "Komadre, kí lò ń fún ilẹ̀ rẹ jẹ?" Mo ní, "Àdúrà ni." Elékèé ni mí!

Lọ́dún yìí ni Dókítà Ondina dé, obìnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àtijọ́. Ó rí òkúta náà ní ebè mi, inú rẹ̀ dùn: "Irú àpáta tí wọ́n ti gbẹ́ eléyìí ò sí ní erékùṣù yìí. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá. Bóyá ẹnì kan fi kasabe pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará òdìkejì òkun. Tí a bá gbẹ́ ibi tó ti jáde, a lè rí ilé ẹni náà. Ibo lẹ ti rí i, Doña Eduvigis?" Mo ní, "Ibí ni." Crucita wò ó, ó pàtẹ́wọ́: "Ó jọ tèmi! Ìbejì ni wọ́n!" Dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ hú gbogbo ẹ̀gẹ́ mi, wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí. Agolo sàdíìnì nìkan ni wọ́n bá pàdé. Dókítà ní, "Ọ̀la la ó palẹ̀ mọ́." Mo rò ó pé ẹni àtijọ́ tó la òkun kọjá nítorí òkúta yìí, irọ́ mi ni kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni Crucita gbé omi dé, tó ń bá mi kẹ́dùn ẹ̀gẹ́ mi. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

Crucita wò mí. "Nígbà tí mo fẹnu ko aṣọ yẹn, ṣé abẹ́ rẹ̀ ló wà?" "Abẹ́ rẹ̀ ni." "Ìwọ sì ṣe àmín?" "Mo ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Olè alámìín!" "Foríjì mí, Komadre." Ó nàka sí àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú. "Ẹ̀gẹ́ ta nìyẹn?" "Tè..." "Ti ta ni?" "Tìrẹ ni."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jalè. Bí èṣù bá sì tì yín, ẹ má ṣe àmín sí i.

Crucita gbé àpò tó tóbi jù karí, ó gba òkúta rẹ̀ lọ́wọ́ Dókítà, ó ní kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ gbé ṣọ́bìrì tẹ̀ lé òun lọ sóko òun. Ó ti dé ojú ọ̀nà kó tó ké pé, "Komadre, àpò kejì ń dúró dè ọ́!" Kò wẹ̀yìn wò. Ó mọ̀ pé mo ti gbé e karí.