Ọjọ́ Tí Wọ́n Sọ Wá Di Ẹgbẹ́ Akọrin Lójú Ọ̀nà Ekenwan

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ẹ gbọ́, mo burú. Mo burú gan-an ni! Ẹ má wo bí mo ṣe jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga báyìí kí ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti ilẹ̀ wá. Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí ní Benin nígbà náà. Wọ́n á ní, "Dúpẹ́? Dúpẹ́ ọmọ Bàbá Ìlá? Háà, ọmọ yẹn á fi ata sí imú ẹni tó ń sùn." Mo ṣe é rí. Màmá yín ni mo ṣe é fún… Tóbi, yé rẹ́rìn-ín, jẹ́ n sọ̀rọ̀. Kí sì ni "Auntie, no way" yẹn? Fi Yorùbá dá mi lóhùn jàre.

Bàbá wa wá láti Ìlá, ó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì. Ẹ̀gbẹ́ Airport Road ni a ń gbé. Mo wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò dùn mí, kò pọ́n. Ó kàn ń kéré láti ẹ̀gbẹ́ ni, bí ẹni tó ń wo ayé láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Mo ń rí imú tíṣà, mi ò rí etí rẹ̀. Mo ń rí ẹran, mi ò rí abọ́. Tíṣà ní ọ̀lẹ ni mí. Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀, yóò máa dín kù ni. Bí mo ṣe kúrò nílé-ìwé nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ìyá mi sunkún fún oṣù mẹ́ta. Èmi náà sunkún… ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti sú mi.

Ìgbà náà ni aládùúgbò wa kan sọ fún ìyá mi nípa ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú tó ń pàdé ní gbogbo Sátidé ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò fẹ́ lọ. Mo rò pé màá bá àwọn èèyàn tó jókòó ti ògiri, tí wọ́n ń káàánú ara wọn. Ẹ gbọ́, láti títì ni mo ti ń gbọ́ ariwo! Wọ́n ń ta dáráfù. Wọ́n gbẹ́ ihò sí ojú ọpọ́n kí ọmọ ayò má baà yẹ̀. Ìdérí ìgò ni ọmọ ayò wọn, ẹnì kan dojú tirẹ̀ délẹ̀, èkejì dojú tirẹ̀ sókè. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Èébú wọn sì ń dún bí òjò orí páànù.

"Fọwọ́ kàn án! Fọwọ́ kan ohun tó pa ọ́, kí o lè ròyìn fún àwọn ará ilé ẹ!"

Obìnrin ni, Ìyá Ràlíà, ará Ìwó. Kò ríran rí láyé rẹ̀, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Àga ni ó ń fi okùn hun tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Alága ẹgbẹ́, Ọ̀gá Osaro, ọmọ Edo, ni obìnrin náà ń bú. Awakọ̀ Benin sí Ìbàdàn ni tẹ́lẹ̀ kí ojú tó lọ, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ Yorùbá. Ó ń gbọ́ ọ ṣá. Bó bá ti bínú, Píjìn ni.

Ẹ wá wo èmi, ọmọ burúkú, láàárín wọn. Wọ́n ní òfin kan: bí o bá wọlé, kí o kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, kí o dárúkọ ara rẹ, torí ta ló máa rí ọ? Ní Sátidé mi kejì, mo wọlé, mo kan tábìlì, mo wá wú ikọ́ Ọ̀gá Osaro. Ikọ́ rẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń fà bíi mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná. Gbogbo wọn dìde. "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ sà!" Ohùn kan dá wọn lóhùn láti kọ̀rọ̀: "Ta lẹ ń kí? Èmi ti wà níbí láti aago mẹ́jọ. Who be dat one?"

Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n fi ẹjọ́ mi sun ìyá mi? Rárá o. Wọ́n gbẹ̀san. Nígbà tí mo bọ́ bàtà, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀kan nínú ti Ọ̀gá Osaro rọ́pò rẹ̀. Mo wọ ẹsẹ̀ bàtà kékeré kan àti ẹsẹ̀ bàtà ńlá kan gba Airport Road kọjá, mo ń yan. Ìyá mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ojú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń jí mi ní Sátidé.

Ẹ̀yin lónìí, ẹ ní ẹgbẹ́ orí fóònù, ẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú rẹ̀, ẹ ò mọ òórùn ẹnì kankan. Àwa kò ju mẹ́rìnlá lọ. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo wọn.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí díẹ̀ ló ń ṣíwájú. Bí a bá ń jáde, a ó tò ní ìlà kan, olúkúlùkù á gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú. Bọ́ọ̀sì ni Ọ̀gá Osaro ń pe ìlà náà. Òun ni dẹ́rẹ́bà, Ìyá Ràlíà ni kọ̀ndọ́ lẹ́yìn pátápátá, èmi ni iná iwájú. "Headlight, ṣé ọ̀nà dá?" "Ó dá, sà!" "Oyá, jíà kìíní!" Èmi náà ni rẹfirí bọ́ọ̀lù wa. Ẹ máa bi mí pé báwo ni afọ́jú ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. A ó fi ọ̀rá wé e, ọ̀rá yẹn á máa dún wàrà-wàrà bó ṣe ń yí lọ, wọ́n á máa fi etí lé e. Ẹni tó bá ríran kò gbọ́dọ̀ gbá a, òun ló máa wo góòlù.

Ẹ wò ó, inú mi dùn ju ti ọba lọ. Ọmọ tí wọ́n ní kò wúlò nílé-ìwé ni ojú èèyàn mẹ́tàlá!

Ní ìgbà òjò ọdún kejì, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ihò kọ́kọ́rọ́ náà ti dí. Pátápátá. Mo mọ ọ̀sán, mo mọ òru, ó tán.

Ta ni mo sọ fún? Kò sẹ́ni. Bí mo bá sọ fún ìyá mi, ẹkún á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ fún ẹgbẹ́, wọ́n á gba ipò mi. Bí mi ò bá sì jẹ́ ojú wọn mọ́, kí ni mo jẹ́? Ọmọ tó ń wúkọ́ bí alága. Mo bá mú un mọ́ra. Gbogbo ibi tí a bá fẹ́ lọ, màá kọ́kọ́ dá lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, màá ka ìṣísẹ̀, màá gbóòórùn, màá tẹ́tí. Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dárí jì mí. Gbogbo góòlù tí mo kà láti ìgbà òjò yẹn, mi ò rí ẹyọ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ̀ ni mo ń fún.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ará Oregbeni ṣe pè wá níjà bọ́ọ̀lù. Afọ́jú bíi tiwa ni wọ́n, ìgbéraga wọn sì pọ̀. A fẹnu kò sí gbọ̀ngàn kan nítòsí Ekenwan Road. Mo lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, mo kọ́ ọ̀nà náà sórí. Láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò, màá tọ gọ́tà lọ títí màá fi gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, ariwo rẹ̀ á bo gbogbo àdúgbò. Ẹnu géètì gbọ̀ngàn ni ẹ̀rọ yẹn wà. Kí ló tún kù? Mo sùn fọnfọn.

Ní Sátidé, a sọ̀ kalẹ̀, a tò. Dígí dúdú lójú gbogbo wa, ẹ̀wù funfun lára gbogbo wa. Mo ń lọ… mo ń lọ… mi ò gbọ́ ẹ̀rọ. Òógùn bò mí. "Headlight, ọ̀nà dá?" "Ó dá, sà!" Irọ́! Mo ń lọ, àṣé ìyá tó ń lọ ata kò ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ, kíríríríí, níwájú lọ́hùn-ún. Ọkàn mi balẹ̀. Mo yà sí géètì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì yà tẹ̀lé mi. Ẹ̀rọ mìíràn ni o! Gbọ̀ngàn mìíràn ni!

Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń díje orin níbẹ̀. Wọ́n ń retí ẹgbẹ́ akọrin kan láti Ekpoma, àwọn yẹn kò tíì dé. Ẹ wá ro ohun tí wọ́n rí: ènìyàn mẹ́rìnlá, ẹ̀wù funfun, dígí dúdú, ọwọ́ lórí èjìká, ẹsẹ̀ ń lọ pọ̀ bíi ti sójà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́! Wọ́n mú wa gun pèpéle. Ọ̀gá Osaro ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Oregbeni people get respect today o!" Ọkùnrin kan fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bẹ̀ wá pé ká kọrin. A rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣí eré nìyẹn. A bá kọ orin bọ́ọ̀lù wa, èyí tí Ìyá Ràlíà ṣẹ̀dá:

Bọ́ọ̀lù ń dún, etí mi gbọ́,
Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n, má dí mi lọ́nà,
Ìwọ olójú méjì, yà sápá kan!

Háà, ilé mì! Wọ́n ní ká tún un kọ. A tún un kọ. Ẹnì kan ń sunkún nísàlẹ̀, ó ní ẹ̀mí wà nínú orin náà. Ẹ̀mí bọ́ọ̀lù!

Ọkùnrin ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá fi ìwé kan sí mi lọ́wọ́, èmi tí mo wà níwájú. Ó ní kí n ka orúkọ orin wa kejì fún àwọn adájọ́. Mo gbé ìwé sókè, mo ranjú mọ́ ọn, mo ní, "Orin wa kejì ni… Olúwa… Olúwa Ṣeun Púpọ̀." Ọkùnrin náà ní, "Sister, o dorí ìwé kodò." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi kò rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú sí wọn. Mo ní, "Mi ò ríran mọ́. Láti ìgbà òjò èṣí."

Ìyá Ràlíà ni ó kọ́kọ́ fọhùn. "A mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ìwọ tó o máa ń gbẹ́sẹ̀ gìrì-gìrì tẹ́lẹ̀, o wá ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀. Ta ni kò gbọ́? A ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ ni."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń tẹ̀lé mi?"

"Ta ló tún ríran nínú wa tí a ó tẹ̀ lé? Mo ti dé gbọ̀ngàn yẹn rí, mo ka ìṣísẹ̀ lónìí, mo mọ̀ pé a ti kọjá ibẹ̀. Mo rò pé o tún fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo ní kí n wo ibi tó máa já sí."

Ọ̀gá Osaro ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń pa á kú lọ. "Gbogbo góòlù yẹn ńkọ́, Dúpẹ́? All dat goal?" Mo ní, "Ọ̀gá… mò ń méfò ni." Ó jókòó sórí pèpéle. Ó na ara rẹ̀ lélẹ̀! Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn náà ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ṣàlàyé, wọ́n fún wa ní mínírà, wọ́n fi ọ̀nà hàn wá. Ilé mẹ́wàá péré ni a fi kọjá.

Ìyá Ràlíà bọ́ síwájú, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n fi mí sáàárín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbé ọwọ́ lé èjìká ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ gbọ́, ara mi fúyẹ́! Mi ò ka ìṣísẹ̀ kankan. Mo ń sọ̀sọkúsọ láti ibẹ̀ dé gbọ̀ngàn.

Àwọn ará Oregbeni ti ń pariwo pé ẹ̀rù bà wá. Ọ̀gá Osaro ní kí wọ́n wá rẹfirí mìíràn, torí àwa ní agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ta ni? Èmi ni! Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ fún ọdún méjì, mi ò gbá bọ́ọ̀lù náà rí. Mo gbọ́ wàrà-wàrà tó ń bọ̀, mo fò mọ́ ọn, mo fi gbogbo agbára gbá a… sínú ilé àwa fúnra wa. Wọ́n nà wá mẹ́ta sí òdo. Ìyá Ràlíà bú mi láti Ekenwan dé Airport Road, ó ń bú mi bó ṣe ń bú gbogbo wọn. Ẹ wò ó, mi ò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fóònù yín ń sọ̀rọ̀, ó ń ka lẹ́tà fún mi, ó ń sọ àwọ̀ aṣọ fún mi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń díbọ́n jù wá lọ. Ẹ ń fi ẹ̀rín síta, ẹ sì ń ka ìṣísẹ̀ nínú. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè wí. Ẹ wí i níbi tí wọ́n ti lè fi yín rẹ́rìn-ín kí wọ́n tún bu oúnjẹ fún yín. Ọdún kan ni mo fi ṣòfò lórí irọ́ tí gbogbo ayé gbọ́… Ọdún kan gbáko, ẹ̀yin ọmọ! Ǹ bá ti máa gbá bọ́ọ̀lù láti ìgbà náà.