Màmá Ní “Wẹ̀”, Èmi Ní “Mu”

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun, kò wọlé, kò jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi èmi àti Ọlọ́run. Mò ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ìyá ọkọ mi wà nínú ilé mi, n kò sì lè wo ojú wọn mọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú tí a ń gbé. Ọkọ mi, ọmọ Ute, ìlú kan nítòsí Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ wẹ́dà, irin jíjó, ló ń ṣe. Nígbà tí mo bí Mofẹ́, àkọ́bí wa, ọkọ mi ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi máa rìn. Mo kọ̀. Mo ní mo lè ṣe méjèèjì, kò sì ní gbọ́ ariwo kankan lẹ́nu mi.

Ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí nítorí iṣẹ́, èmi pẹ̀lú ẹ ni.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló dẹ́rù bà mí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe.

N kò ní parọ́ pé n kò mọ ètò í ṣe. Mo mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé, mo máa ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, màá pín in sínú abọ́ kéékèèké, màá kó o sínú fíríìsà. Lọ́jọ́ Sunday, màá lọ aṣọ iṣẹ́ márùn-ún, màá gbé wọn kọ́ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Aṣọ ọmọ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, inú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀ ló ń wà. Irun orí mi pàápàá, mo gé e mọ́lẹ̀ kí n má bàa máa jókòó dirun. Ní ọ́fíìsì, wọ́n sọ mí ní Ìyá Ètò. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, ṣùgbọ́n orúkọ náà dùn mọ́ mi. Mo gbà pé mo gbọ́n ju àwọn obìnrin tó ń sá kiri láàárọ̀ lọ.

Ọmọ nìkan ni kò gba ètò. Bí àkùkọ bá ti kọ báyìí, Mofẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ẹkún. N kò ní lè fún ọmú sínú fídà tí wọn yóò fi bọ́ ọ lẹ́yìn mi. N kò ní lè wẹ̀, n kò ní lè múra. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọ̀gá mi ti kọ ìwé sí mi pé mò ń pẹ́ dé iṣẹ́.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ti wá láti Ute nígbà náà láti bá wa tọ́jú ọmọ. Ní àdúgbò tiwọn, àwọn ni wọ́n máa ń pè sí ọmọ tuntun. Bí obìnrin bá bímọ, Màmá ni yóò wẹ ọmọ náà, tí yóò na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi òrí pa á lára. Wọ́n máa ń se ewé sínú omi ìwẹ̀, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ wọn yẹ omi náà wò, wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n á sì tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. Wọn kì í kánjú. Ẹ̀rù ọwọ́ wọn ò bà mí rárá. Ẹkún àfẹ̀mọ́júmọ́ yẹn ni mo ń wá ọ̀nà àtimú kúrò.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Ó ní oògùn ikọ́ olómi, èyí tó máa ń kun àgbà lóorun, kí n fún ọmọ ní ṣíbí kékeré kan bó bá ti jí. Ó ní báyìí lòun ṣe tọ́ tòun. N kò bi dókítà, n kò bi nọ́ọ̀sì. Mo rà á, mo fi pamọ́ sínú bàtà tí n kì í wọ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ purọ́ fún yín: inú mi dùn. Ọmọ á sùn fọnfọn, èmi á múra ní pẹ̀lẹ́tù, màá jáde lákòókò. Màmá á máa yìn ín pé ọmọ náà ti ń ní sùúrù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fún un, ó pọ̀ ọ́ jáde. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ló jáde. Mo tún fún un. Ó tún tu díẹ̀, mo sì tún fi kún un. Ojú mi wà lára aago. Mo gbé e lé ibùsùn, mo lọ síbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí mo jókòó ni ọkọ mi pè mí. Ó ní Màmá wẹ ọmọ tán, ọmọ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ wọn, kò lajú, àwọn sì ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. N kò mọ bí mo ṣe gun ọ̀kadà débẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ṣe é kí n tó débẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí ọkọ mi lọ ra oògùn wá. Màmá nìkan ni mo bá lọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ará ọ̀nà jíjìn. Yorùbá tirẹ̀ kọ́ ni Yorùbá wa, pàápàá bí Màmá ṣe ń sọ tiwọn nínú ẹkún. Ó ń bi wọ́n léèrè pé kí ni ọmọ jẹ, kí ló mu. Màmá dáhùn, dókítà kò gbọ́ ju “ewé” lọ. Ó wá kọjú sí mi.

Ohun tí Màmá sọ rèé, mo kàn sọ ọ́ di èyí tí gbogbo yín máa gbọ́: “N ò bu ewé sí i lẹ́nu. Mo fi wẹ̀ ẹ́ ni.”

Dókítà ní kí ni wọ́n sọ. Mo rántí ọkọ mi. Mo rántí “èmi pẹ̀lú ẹ ni.” Mo la ẹnu, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé Màmá ní ewé ni àwọn fún ọmọ mu.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yí. Màmá ní “wẹ̀”, èmi ní “mu”. Wọn ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣe ni wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ wọn ni mò ń bá wọn túmọ̀. Dókítà rí i pé wọ́n ń mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wò ó, ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ mi là ló ń béèrè ohun tó mu, èmi ìyá rẹ̀ ni mo fi í sínú òkùnkùn. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀, wọ́n dá wa sílẹ̀. Mofẹ́ ń sáré kiri ilé báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Nígbà tí dókítà sọ fún ọkọ mi pé àgbo tí wọ́n fún ọmọ ló fà á, Màmá búra títí. Ọkọ mi ò gbọ́. Ó ní, “Màmá, dókítà ní ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ máa lọ sí Ute. A ó ránṣẹ́ sí yín.” A ò ránṣẹ́. Mo bá wọn di ẹrù wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìròyìn dé Ute kí wọ́n tó sinmi tán. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tó tún gbé ọmọ tuntun fún ìyá ọkọ mi wẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Wọ́n ní bí ìkókó bá wà nínú ilé kan, Màmá kì í gba iwájú ilé náà kọjá mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo bí ọkùnrin. Ọkọ mi gbà kí ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n dé, wọn ò wọ yàrá. Mo gbé ọmọ lọ bá wọn, mo fẹ́ gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n kó ọwọ́ wọn sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kúnlẹ̀. Ìyá tó bí ọkọ mi, wọ́n kúnlẹ̀ fún èmi. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, dárí jì mí. Mo ti rò ó títí. Bóyá omi ewé yẹn kán sí i lẹ́nu níbi tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́, tí n ò mọ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti gbà á gbọ́. Irọ́ tèmi ti wọ wọn lára débi tí àwọn fúnra wọn fi ń jẹ́rìí sí i. Mo fà wọ́n dìde, mo ń sunkún, wọ́n rò pé mo ti dárí jì wọ́n ni. Wọ́n súre fún mi.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi yìí, òtítọ́ ò lè bá a láéláé bí èmi ò bá mú un wá, nítorí ẹnu mi nìkan ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi, tó ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀? Àbí kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Màmá? Bí wọ́n bá tilẹ̀ dárí jì mí, ta ni yóò lọ sọ fún àwọn obìnrin Ute? Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má wo ti ìtìjú mi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ ń ké. Màmá ti gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ti fi ìgbọ̀nwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti gbé ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n ń pè mí pé kí n wá wẹ ọmọ mi, omi ti ń tutù.