Aṣọ Tí Mo Fi Dí Ihò Afẹ́fẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Chicago níbí ni mo ń gbé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹlòmíràn ló ń ru ẹrù rẹ̀, n kò sì lè sùn mọ́.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu ń bẹ nílé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n kó wa jọ láti kọ́ wa nípa ààbò. Ẹni tó ń kọ́ wa ní èéfín kan wà tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ní bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé kan, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá ti jáde síta, kí wọ́n sá kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń yán. Èmi ń ka orúkọ àwọn ará ilé wa lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àdúgbò Auburn Gresham ni ilé náà wà. Opó kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ló ni ín. Màmá Délé là ń pè wọ́n. Àwọn àti Rónkẹ́, ìyàwó ọmọ wọn, ló ń gbé òkè. Rónkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ni. Délé ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjàgbé káàkiri, kì í sábà sí nílé. Èmi ń gbé bésímẹ́ńtì, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà. Ògiri pákó kan ló wà láàárín òun àti ibùsùn mi.

Gbogbo wa la jọ ń dá owó gáàsì. Nígbà tí bíìlì gòkè, Màmá dín ooru kù. Ọ̀sán, nígbà tí mo bá ń sùn, ni wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Bó bá di alẹ́ tí mo ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀. Bí mo bá ráhùn, wọ́n á ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àbúrò mi. Wọ súwẹ́tà kún un." N kò bínú. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n páìpù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, tó gba inú ògiri wọlé láti ìta. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé tutù bíi yìnyín, orí mi gan-an ló sì ń fẹ́ sí. Mo rò pé ihò tí wọ́n gbàgbé láti dí ni. Nílé wa ní Ìlá, bí a bá rí ihò lára ògiri, àkísà la fi ń dí i kí eku àti ejò má baà wọlé. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Mo ká ògbólógbòó ìró mi, mo tẹ̀ ẹ́ wọ inú páìpù náà títí afẹ́fẹ́ fi dákẹ́. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Màmá kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ ọkọ wọn tó ti kú, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí bàbá náà lórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ ògiri. Rónkẹ́ ń gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn. Bí wọ́n bá ti dé mọ́sálásí, ara á yá. Bí wọ́n bá ti padà wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó yẹ kó ké láti kìlọ̀ fún wa wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Màmá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri tipẹ́, nítorí pé ata díndín máa ń mú un pariwo.

"Ilé yìí ti gbóná," ni Màmá wí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ṣeré rárá. Omi ni wọ́n ń wọ́n sí igun yàrá gbogbo, kí ilé lè tutù. Wọ́n kọjú sí Rónkẹ́.

"Kí o tó dé, òkú mi ń sùn jẹ́jẹ́. Kí lo gbé wá láti Ìbàdàn?"

"Màmá, aṣọ àti gààrí nìkan ni o."

"Gààrí ló wá ń wúkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi?"

Èmi náà gbọ́ nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà lórí ibùsùn, n kò sùn, n kò jí. Ohùn kan fi oríkì mi pè mí, èyí tí ìyá mi nìkan máa ń pè. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Apá ibi tí ẹ̀rọ wà ni ohùn náà ti ń bọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Mo faṣọ borí, mo pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ ibi iṣẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń kọ́ wa ti ní ẹ̀rọ tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí ló ń tú èéfín náà jáde, ó sì máa ń mú kí èèyàn rí ohun tí kò sí. Kì í ṣe òkú. Ìró mi ni.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an rèé. Mo délé, mo lọ síbi páìpù, mo di etí aṣọ náà mú. Mo fà á díẹ̀. Òtútù gún mi lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́. Mo rò ó pé bí Màmá bá gbọ́, wọn á lé mi jáde sínú yìnyín. Ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ní kí n sùn ná, kí n yọ ọ́ bí òtútù bá rọlẹ̀. Mo tì í padà. Mo sùn, mo jí, mo lọ síbi iṣẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà láàárọ̀, omi ń ṣàn lára gíláàsì fèrèsé láti inú. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Rónkẹ́ dojú délẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Màmá wà lórí àga nínú ilé ìdáná. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán èjìká mi.

Wọ́n ní, "Bàbá Délé, ẹ ti dé."

Mo wo ẹ̀yìn mi.

Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Mo pe pàjáwìrì. Mo wọ́ wọn jáde sórí yìnyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, dípò kí n dúró tì wọ́n, mo sáré lọ sísàlẹ̀, mo fa aṣọ náà jáde, mo kì í bọ inú báàgì iṣẹ́ mi.

Àwọn panápaná bá ófùnù gáàsì nínú ilé ìdáná ní títàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí. Rónkẹ́ ló tàn án láti fi yáná. Wọ́n ní ó jọ pé ibẹ̀ ni èéfín ti wá. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ohun mìíràn tó lè fà á. Mo ní rárá.

Ọlọ́run yọ wọ́n, ara wọn yá nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Màmá ní nígbà tí Rónkẹ́ kò rí àwọn fi òkú pa, ó fẹ́ fi ófùnù pa àwọn. Délé kò lè ta ko ìyá rẹ̀. Rónkẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Lansing. Èmi ni wọ́n ń yìn. Màmá ń pè mí ní máláíkà wọn. Kí Rónkẹ́ tó lọ, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ gáàsì wá yẹ gbogbo ilé wò. Ó gbé ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tuntun kọ́ lókè àti nísàlẹ̀. Ó ní ewu ti tán, a lè sùn. Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó fọwọ́ kan páìpù yẹn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dí i láéláé, ó lè pa èèyàn.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Wèrè wo ni yóò dí i?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yẹn náà ni Rónkẹ́ pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lẹ́nu lọ́dọ̀ wọn. Mo ti gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ ṣáà mú mi wọlé, màá kúnlẹ̀."

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó ṣẹ̀ kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, àgbà ló ń ṣáájú rẹ̀. Èmi ló yàn. Mo dá a lóhùn pé màá ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ̀rọ̀, n kò ní ibòmíràn tí mo lè gbé, mo sì ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á máa jẹ́ apànìyàn lójú wọn títí ayé. Ṣé Màmá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, tàbí Rónkẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ náà ni Rónkẹ́ ń bọ̀, ó ní òun á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀, kí n lè kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ.