Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Nídìí Sinúkà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ka ìwé náà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi. Wọ́n wá mú mi padà sínú yàrá yìí, níbi tí mo ti ń retí ọjọ́ tí ìjọba yóò fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní kí ẹ bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo pinnu ni pé n ó sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò sì ní di ẹrù mi ru Ṣàìtánì. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí ló ń sọ pé Ṣàìtánì ló ti òun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ fún un nínú ọgbà yìí.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti abúlé kan lọ́nà Àkànràn. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti kókó díẹ̀, àwọn sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí wa, àwọn ló ń pe ìrun. Nílé wa, ọtí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Bí àlejò bá mú ìgò bíà dání, ìta ló máa fi í sí, bí ẹni bọ́ bàtà. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó tọ́ ọtí wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ má bàa sọ pé ilé ni mo ti kọ́ ọ.

Ṣàkírù ló kọ́ mi ní sinúkà. Ẹgbẹ́ mi ni, ilé wọn àti tiwa fara kan ara wọn, bíríkìlà sì ni. Tábìlì sinúkà abúlé wa wà lábẹ́ páànù kan nídìí igi máńgòrò, ibẹ̀ la máa ń péjọ sí bí a bá ti oko dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pá gígùn la fi ń ti bọ́ọ̀lù funfun kan kó lè gbá àwọn yòókù sínú ihò. Olúkúlùkù ní méje tirẹ̀. Ẹni tó bá kó méje rẹ̀ wọlé, tó sì fi bọ́ọ̀lù dúdú parí rẹ̀, ló jẹ. Ṣùgbọ́n bí funfun bá tẹ̀lé dúdú wọ ihò, onítọ̀hún ti pàdánù, bó ti wù kó ti gbá a dáadáa tó.

Ṣàkírù mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Á di ojú kan, á tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wo okùn tí wọ́n fi ń tọ́ ògiri. Kì í mutí. Ó máa ń sọ pé, "Bíríkìlà tó bá mutí, ògiri rẹ̀ ló máa sọ ọ́ fáyé gbọ́." Èmi náà mọ̀ ọ́n gbá, ṣùgbọ́n bí èrò bá ti pọ̀, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Ìyá kan wà tó ń gbé ìgò àgbo rẹ̀ sórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn. Ìyá Alágbo là ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí àwọn èrò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán, ìyá náà pè mí.

"Ọmọ Ládàánì, wá gba èyí. Á mú ọwọ́ rẹ dúró."

"Ẹ ṣé mà, èmi kì í mutí."

"Ta ló ń sọ ọtí? Àgbo ni. Egbò àti èèpo igi ni mo rẹ."

"Kí lẹ fi rẹ ẹ́, mà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé omi lásán ló máa fa agbára inú egbò jáde ni?"

Mo mọ̀. Òórùn ògógóró ti gba imú mi kí ife náà tó dé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé àgbo ni, kì í ṣe ọtí, pé àìsàn ni ọwọ́ gbígbọ̀n, àti pé Ọlọ́run kò kọ oògùn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ife kékeré kan báyìí ni. Àyà mi gbóná, ọwọ́ mi rọlẹ̀, mo sì na ẹni mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn lọ́jọ́ náà.

Ife kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orógbó kí n tó wọlé. Bàbá mi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló ń rùn lẹ́nu rẹ?"

"Àgbo ibà ni, Bàbá."

"Ibà wo ni kì í lọ láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, wọ́n lọ pe ìrun.

Lásìkò yẹn ni ìdílé wa méjèèjì fọwọ́ sí i pé kí n fẹ́ Rìṣíkátù, àbúrò Ṣàkírù. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ àfẹ́sọ́nà gbọ́dọ̀ fa ẹran Iléyá lọ sílé àna rẹ̀. Wọ́n á pa á, wọ́n á sì dá itan kan padà fún un. Ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, ojú á tì í láàárín ìdílé méjèèjì. Ẹ̀gẹ́ wa kò ta lọ́dún náà rárá, n kò sì mọ ibi tí n ó ti rí ẹran. Àfi bí ọmọ abúlé wa kan tó ń gbé ìgboro ṣe ra akọ àgùntàn ńlá kan, tó ní kí abúlé wa àti abúlé òdìkejì odò fi sinúkà du ú, ẹnì kan láti abúlé kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹran mi ti dé.

Ṣàkírù ló yẹ kó gbá a fún wa. Ó pè mí sẹ́yìn ilé wọn.

"Mo ti ní kí wọ́n mú ọ. Nítorí Rìṣíkátù ni o. Ṣùgbọ́n fi àgbo yẹn sílẹ̀. Bàbá wa kò ní fi ọmọ wọn fún ọ̀mùtí."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ṣe yẹ̀yẹ́. "Àna mi, ẹ má bínú. Bí n kò bá mu ún, ọwọ́ mi á gbọ̀n."

"Ọwọ́ rẹ kò ní nǹkan kan. Ojú èèyàn ló ń bà ọ́ lẹ́rù."

"Kò yé ẹ ni."

"Ó dáa, àna mi," ó ní, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òógùn ń bò mí, n kò rí oorun sùn. Mo rò pé ibà ti dé lóòótọ́. Ìyá Alágbo ní kí n máa mu àgbo mi lọ, pé àwọn ti yí egbò inú rẹ̀ padà. Ó korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òórùn egbò rẹ̀ sì le débi pé n kò gbóòórùn nǹkan mìíràn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ara mi ti yá, oúnjẹ sì ń wù mí jẹ.

Ọjọ́ ìdíje náà bọ́ sí ọjọ́ Sunday tó ṣáájú Iléyá. Wọ́n so ẹran náà mọ́ igi máńgòrò. Bọ́dé, ọmọ tíṣà kan ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni abúlé kejì mú wá. Omi ló gbé dání. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mejì ló ni ẹran. Mo mu ife àgbo méjì, mo gbá ọ̀pá mú. N kò gbá a bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọwọ́ mi dúró, ojú mi là, mo kó gbogbo méje wọlé, mo fi dúdú parí ẹ̀ kí Bọ́dé tó kó mẹ́ta.

Abúlé wa hó yèè. Mo gbé ife sókè. "Ẹ wò ó! Ohun tó wà nínú ife yìí ni! Bọ́dé, da omi yẹn nù, kó o wá mu nǹkan ọkùnrin!" Mo fẹ́ fi ife náà kàn án lẹ́nu tipátipá.

Ṣàkírù dìde. "Fi í sílẹ̀. Kò sí ọtí nínú ife yẹn."

"Kí lo wí?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ti sí ọtí nínú ife rẹ. Èmi ni mo bẹ Ìyá Alágbo. Omi àti egbò lò ń mu. Ọwọ́ ara rẹ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ ara rẹ lo fi jẹ ẹ́."

Ìròyìn ayọ̀ ni. Kò sí ẹni tó tíì fún mi ní ẹ̀bùn tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo gbọ́. Ẹnì kan pariwo pé, "Omi lásán ló ń pa á láti ọjọ́ yìí!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Alágbo sì dorí kodò. Bí mo bá ti bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, Ṣàkírù á wà láàyè. Mo wo ọwọ́ mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Mo ní kí Ìyá Alágbo fún mi ní èyí tó ní ọtí nínú. Wọ́n kọ̀. Mo fa ìgò náà yọ lórí àtẹ fúnra mi, mo sì mu ún dé ìdajì lórí ìdúró. Ọwọ́ mi rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi dà rú. Bọ́dé jẹ èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, dúdú nìkan ló kù fún mi, ó sì wà lẹ́nu ihò. Ọmọdé á gbá a wọlé. Ihò náà di méjì lójú mi, mo bá fi gbogbo agbára ti bọ́ọ̀lù. Dúdú wọlé. Funfun tẹ̀lé e wọlé. Wọ́n tú ẹran náà, wọ́n sì fà á kọjá níwájú mi.

Ṣàkírù fọwọ́ kàn mí léjìká. "Gbàgbé ẹ̀. Èmi àti ìwọ la jọ máa wá ẹran náà. N ó bá Bàbá sọ̀rọ̀. Fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀, ká lọ sílé."

"Ìwọ lo dójú tì mí!"

Mo yí ìdí ọ̀pá náà sókè, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ di orí mú, ó wò mí. Ó ní, "Àna mi."

Èyí àkọ́kọ́, mo lè parọ́ fún ara mi pé ìbínú ni. Èkejì kò gba irọ́. Mo di ojú kan, mo wo ibi tí mo fẹ́ lù, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ mi. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ṣàkírù kú kí wọ́n tó gbé e dé Àkànràn.

Lọ́yà mi ní kí n sọ pé ọtí ti pa mí, pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo sọ fún adájọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Níbí náà, ẹnì kan yọ́ mú ọtí inú ọ̀rá wá fún mi, ó ní kí n mu ún kí n lè gbàgbé. Mo ní n kò fẹ́ gbàgbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi, n kò fi kan ẹnu mọ́.

Rìṣíkátù wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò jókòó.

"Ṣé ẹ ṣì ń mu ún?"

"Rárá."

"Ṣé ọwọ́ yín ń gbọ̀n?"

Mo na ọwọ́ mi sí i láàárín irin. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá mi sọ." Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà ni mo sunkún tó tó ẹkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ní Àkànràn, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ṣáṣá, níbikíbi tí wọ́n bá gbé tábìlì sinúkà sí, ẹ gbọ́ mi. Sinúkà kò ṣẹ̀ mí, ẹ máa gbá a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ife fún yín, tí wọ́n ní àgbo ni, ẹ fi imú yín gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì gba ohun tí imú bá sọ gbọ́. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n lójú èrò, ẹ jẹ́ kó gbọ̀n. Kí wọ́n nà yín, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, kí ẹ lọ sílé lọ jẹun alẹ́. Ẹ̀rín kì í pa èèyàn. Bí ọ̀rẹ́ kan bá sì gba ife lọ́wọ́ yín lójú gbogbo ayé, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, kó má jẹ́ ti yẹ̀yẹ́.

Ní tèmi, mo ti pinnu. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mú mi, ojú mi á dá ṣáká, n kò ní mu nǹkan kan, n ó sì na ọwọ́ mi fún wọn kí wọ́n dè é. Kò ní gbọ̀n. Ọwọ́ ara mi ni.