Omi Ìṣanwọ́ Àwọn Onílàjà

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ajẹ́lẹ̀ wa, mo wà nínú lọ́rì tó fẹ́ ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, a ń retí kó kún, ni obìnrin kan bá kọjú sí bàbá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀ yín. Ẹ wà lára àwọn àgbà tó wá parí ìjà oyè ní abúlé wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni, ó ti parí. Àdúgbò òkè àti àdúgbò ìsàlẹ̀ jọ jẹ ewúrẹ́ kan lójú wa."

"Kí ló parí? Àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣì ń fi àdá ṣọ́ odò, obìnrin òkè kankan ò lè débẹ̀. Wọ́n sun ilé wa, wọ́n pa àbúrò ọkọ mi, ẹ ní ká gbàgbé. A gbàgbé. Odò ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ ti odò fún wa."

"Ta lẹ bi? Àwọn ọkọ wa lẹ bi, ṣé àwọn ló ń pọnmi ni?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Omi tí ẹ fi ṣanwọ́ lẹ́yìn ewúrẹ́ yẹn, èmi ni mo pọn ọ́n. Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ni mo ti rù ú wá, pẹ̀lú oyún nínú. Ẹ ṣanwọ́ tán, ẹ da ìyókù sílẹ̀, ẹ ní àlàáfíà ti dé."

Ẹ da ìyókù sílẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ ṣì wà létí mi.

Bàbá ní àwọn á tún padà wá.

"Ẹ máa bọ̀," ni obìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ru omi yín dání."