Bátìrì Ló Kú, Mo Ní Ọwọ́ Àjèjì Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún ìyàwó mi rí, tí mi ò sì sọ fún pásítọ̀. Ǹ bá má sọ ọ́ fún yín náà, àmọ́ ó ti ká mi mọ́.

Séèfù, àpótí irin tí wọ́n ń tọ́jú owó sí, ni mo ń tà ní Ọjà Àlàbá, mo sì ń tún un ṣe. Mi ò ka ìwé mẹ́fà tán. Ṣùgbọ́n láti Ọ̀jọ́ dé Òkòkómáikò, tí séèfù bá kọ̀ tí kò ṣí, èmi ni wọ́n ń pè. Àwọn ọ̀gá ní Navy Town gan-an ń fi mọ́tò wá gbé mi.

Ẹ jẹ́ n tú àṣírí iṣẹ́ fún yín. Séèfù onínọ́ńbà, bátìrì ló ń lò. Tí bátìrì bá kú, nọ́ńbà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń ṣí i nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú séèfù yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹ̀rín ń pa yín? Àwọn olówó tó ń gun jíìpù náà ń ṣe é.

Èmi ní irú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́. Tí mo bá débẹ̀, màá ní kí gbogbo ilé bọ́ síta. Màá ṣí i wéré, màá pààrọ̀ bátìrì, màá wá jókòó, màá máa fi òòlù lu ilẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ pé iṣẹ́ ń lọ. Tí mo bá jáde, màá nu òógùn, màá ní, "Ọwọ́ àjèjì ti kan nọ́ńbà yìí." Ta ló máa san owó gidi nítorí bátìrì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nílé Bàbá Bọ̀dé nìyẹn, ní Ìbà. Táyà ọkọ̀ ni wọ́n ń tà. Kò sí nǹkan kan tó sọnù nínú séèfù wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn, wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́? Ìwọ nìkan lo ń wọ yàrá yẹn."

Ìyàwó wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ tún un wò dáadáa."

Mo ní, "Màdáàmù, iṣẹ́ mi ni mo mọ̀."

Kí oṣù náà tó parí, obìnrin yẹn ti ń dá gbé yàrá kan ní Òkòkómáikò, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé jẹun. Mi ò ní kí wọ́n lé e o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá sùn síbẹ̀. Àfi bí Bàbá Bọ̀dé ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bọ̀dé, ọmọ wọn, fẹ́ gbéyàwó, wọ́n sì fẹ́ lọ mọ àwọn àna ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Èmi àti olè ò ní jọ jókòó níwájú àna. Ìwọ lo là mí lójú, ìwọ ni wàá jókòó tì mí."

Inú wọn dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìjókòó ìyá ọmọ ni wọ́n gbé fún mi.

Ẹ má pè mí lólè. Mi ò mú kọ́bọ̀ nínú séèfù kankan rí. Irọ́ ni mo pa, mo gbà. Ìyá Bọ̀dé nìkan ni mo ń bẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ò ní gbọ́ "ẹ má bínú" lẹ́nu mi. Wọ́n bá obìnrin sùn, wọ́n bá a jí, títí ó fi bímọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ èmi tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n gbà gbọ́.

Tí mo bá sọ ọ́, orúkọ mi bàjẹ́ ní Àlàbá, gbogbo oníbàárà á wá gba owó wọn. Tí mi ò bá sọ ọ́, Bọ̀dé á gbéyàwó láìsí ìyá ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá bàbá yẹn nílé, àbí kí n dìde níwájú àna kí n sọ ọ́? Àbí ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ̀dé ní Òkòkómáikò ni kí n kọ́kọ́ dé? Tí mo bá débẹ̀, tó bá ṣílẹ̀kùn tó rí i pé èmi ni, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?